Agara Iṣẹ́ ní Ọ̀sán Ayé: Kí Ni Ẹnjiníà Tí Iṣẹ́ Ti Sú Yóò Ṣe?

Oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù GSM wọ Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹnjiníà tí wọ́n gbà síṣẹ́ nígbà náà láti máa ri máàsì kí wọ́n sì máa ṣọ́ ọ kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n ti ń wọ 50 báyìí. Ní 2004, Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ pé báńkì tí kò bá ní bílíọ̀nù 25 náírà kò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn mọ́; báńkì 89 sì di 25. Àwọn ọ̀dọ́ tó fi òru wọn so kọ̀ǹpútà àwọn báńkì tó dà pọ̀ mọ́ ara wọn ti di bàbá àti ìyá tó ń san owó yunifásítì. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tó ń kọ kóòdù ní Yábàá dé, àwọn náà sì ti ń sún mọ́ 40.

Ohun kan ló so ìran mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: ẹ̀rọ tí wọ́n ń ṣọ́ kì í mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán. Agogo 2 òru, fóònù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí dún: dísẹ́ẹ̀lì ti tán nídìí máàsì kan, tàbí kọ̀ǹpútà tó ń gba owó wọlé ti dákẹ́. Kí onítọ̀hún tó nu ojú, ọ̀gá ti ń pè. Ó tún un ṣe títí di agogo 4, kò sì lè padà sùn, torí bí kò bá jáde nílé ní agogo 5, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó yóò gbé e mì. Ẹni tó ń ti ilé rẹ̀ ní Ìbàdàn ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ California kò kúkú bọ́. Aago wa fi wákàtí 8 tàbí 9 ṣáájú tiwọn. Ìpàdé agogo 10 àárọ̀ ọ̀hún ni agogo 6 tàbí 7 alẹ́ níbí, ìgbà tí àwọn ọmọ ń dúró de ẹni tí yóò wo iṣẹ́ àṣetiléwá wọn.

Bí èyí bá lọ báyìí fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹni náà yóò jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tí ọwọ́ rẹ̀ kò ní gbéra. Kí ó wá ṣe kí ni? Kí ó sinmi? Kí ó pààrọ̀ ọ̀gá? Kí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ pátápátá ní ẹni ọdún 45, kí ó lọ bẹ̀rẹ̀ òmíràn? Ìdáhùn tó wà nílẹ̀ pọ̀, wọ́n sì ń ta ko ara wọn.

Orúkọ tí a ó pè é

Èdè wa ti ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ kí àwọn onímọ̀ tó dé ibẹ̀. Àárẹ̀ ni ti àgbẹ̀ tó roko títí dalẹ́. Bó bá jẹun tó sùn, ilẹ̀ mọ́, ó ti lọ. Agara ni ti ẹni tó ti gbìyànjú títí tí ìgbìyànjú fúnra rẹ̀ ti sú u. Agara ló sún mọ́ ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní burnout.

Ní 1974 ni Herbert Freudenberger, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá kan ní New York, kọ àpilẹ̀kọ tó sọ orúkọ náà di mímọ̀. Kì í ṣe ẹnjiníà ló wò. Àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn ní ilé ìwòsàn ọ̀fẹ́ ló wò, tí iṣẹ́ àánú tí wọ́n fi ìfẹ́ bẹ̀rẹ̀ ti fà wọ́n gbẹ. Ní 1981, Christina Maslach àti Susan Jackson gbé ìwọ̀n kan jáde tó pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: kí okun tán nínú èèyàn, kí ó máa wo iṣẹ́ àti àwọn tó ń ṣe é fún bí ohun tí kò kàn án, kí ó sì máa rò pé òun kò wúlò níbẹ̀ mọ́. Bí a bá sọ ọ́ ní tiwa: ó ti rẹ̀ ẹ́, ó ti sú u, apá rẹ̀ kò ká a mọ́. Kí òǹkàwé fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí sọ́kàn, nítorí lójú tèmi, ọ̀pọ̀ nínú awuyewuye tó wà nísàlẹ̀ yìí wáyé torí pé ẹlòmíràn ń tọ́jú ẹni tó rẹ̀, ẹlòmíràn ń tọ́jú ẹni tó sú, tí olúkúlùkù sì rò pé aláìsàn kan náà ni àwọn ń wò.

Ṣé àìsàn tiẹ̀ ni? Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) fi í sínú àkójọ àìsàn wọn, ICD-11, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022, ṣùgbọ́n ìṣẹ̀lẹ̀ ibi iṣẹ́ ni wọ́n pè é, wọn kò pè é ní àìsàn. Ní Sweden ẹ̀wẹ̀, láti 2005 ni àwọn dókítà ti ní orúkọ àìsàn fún irú àárẹ̀ tó le tó bẹ́ẹ̀. Àwọn bíi Renzo Bianchi àti Irvin Schonfeld sì ń jiyàn pé kò ṣe é yà sọ́tọ̀ kúrò lára ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó jẹ́ àìsàn gidi.

Iyàn yìí kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ló bí agara náà, kíkúrò nídìí iṣẹ́ lè wò ó. Bó bá jẹ́ ìrẹ̀wẹ̀sì, yóò bá ẹni náà dé ilé adìyẹ tó fẹ́ lọ kọ́. Dókítà ló yẹ kó la èyí, ṣùgbọ́n nítorí pé a ti sọ orúkọ Arò ní Abẹ́òkúta àti ilé ìwòsàn Yábàá di èébú, ọ̀pọ̀ ni kì í débẹ̀. Wọ́n á kúkú kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ ju kí wọ́n lọ rí dókítà ọpọlọ lọ.

Àwọn tó ní kí ó kọ́kọ́ sinmi

Èrò àwọn wọ̀nyí ni pé ẹni tí oorun kò kún ojú rẹ̀ kò gbọdọ̀ pinnu ọ̀rọ̀ ogún ọdún. Wọ́n ní ẹ̀rí. Ìwádìí tí WHO àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé (ILO) gbé jáde ní 2021 fi hàn pé ewu àrùn rọpárọsẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, ju ti àwọn tó ń ṣe 35 sí 40 lọ. Ara kò sí nínú ohun tí a fi ń ta tẹ́tẹ́.

Ṣùgbọ́n ìsinmi ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Mina Westman àti Dov Eden tẹ̀lé àwọn òṣìṣẹ́ tó lọ fún ìsinmi ọdún, wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1997: agara dín kù nígbà ìsinmi, ó sì ti padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé lẹ́yìn tí wọ́n wọlé. Sabine Sonnentag ní Jámánì fi kún un pé kíkúrò tí ara kúrò kò tó, ọkàn náà gbọ́dọ̀ kúrò. Ẹnjiníà tó lọ sí ìlú rẹ̀ fún ọdún Iléyá, tó ń yẹ WhatsApp ibi iṣẹ́ wò lábẹ́ tábìlì bí wọ́n ti ń pín ẹran, kò tíì sinmi. Ìsinmi dára fún ẹni tó rẹ̀. Fún ẹni tó sú, ó ń sún ọjọ́ síwájú ni.

Àwọn tó ní ibi iṣẹ́ ló ń ṣàìsàn

Maslach fúnra rẹ̀ kò gbà pé ẹni tí agara dá ni ká máa tọ́jú nìkan. Nínú ìwé tí òun àti Michael Leiter gbé jáde ní 1997, wọ́n ka ibi mẹ́fà tí òṣìṣẹ́ àti iṣẹ́ ti ń kọ ẹ̀yìn síra wọn: iṣẹ́ tó pọ̀ jù, àìláṣẹ lórí bí a ó ṣe ṣe é, ẹ̀san tí kò tó, àjọṣe tó ti bàjẹ́, ìrẹ́jẹ, àti kí ohun tí ilé-iṣẹ́ ń lé yàtọ̀ sí ohun tí òṣìṣẹ́ gbà gbọ́. Ní 2001, Evangelia Demerouti, Arnold Bakker àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sọ ọ́ lọ́nà mìíràn: agara ń dé nígbà tí ohun tí iṣẹ́ ń gbà lọ́wọ́ èèyàn bá ju ohun tó ń fún un lọ.

Wọ́n ní àpẹẹrẹ pé a lè tún un ṣe. Ìwé tí àwọn ẹnjiníà Google gbé jáde ní 2016 lórí bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ẹ̀rọ wọn ní kí iṣẹ́ pàjáwìrì àti àtúnṣe má gbà ju ìdajì àkókò ẹnjiníà lọ, kí ìṣẹ̀lẹ̀ tí yóò jí i má sì ju méjì lọ láàárín wákàtí 12. Ilẹ̀ Faransé náà ti fi òfin lé e láti 2017 pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá bá òṣìṣẹ́ wọn jíròrò lórí ẹ̀tọ́ láti pa fóònù iṣẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́.

Àléébù rẹ̀ ni pé ẹni kan kì í tún ilé-iṣẹ́ ṣe. Ní Nàìjíríà, ó tún ṣòro díẹ̀ sí i: Òfin Iṣẹ́ wa, níbi tó ti túmọ̀ ẹni tí òṣìṣẹ́ jẹ́, yọ àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ti alákòóso, ti ìmọ̀ ẹ̀rọ tàbí ti akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kúrò. Àdéhùn tí ẹnjiníà fọwọ́ sí lọ́jọ́ tó gba iṣẹ́ ni òfin rẹ̀. Síbẹ̀, ibi mẹ́fà Maslach àti Leiter wúlò fún ìpinnu. Bó bá jẹ́ ìrẹ́jẹ àti iṣẹ́ tó pọ̀ jù ló ń dà á láàmú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀gá ló yẹ kó pààrọ̀, kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́.

Àwọn tó ní kí ó tún iṣẹ́ náà gé

Amy Wrzesniewski àti Jane Dutton wo àwọn tó ń gbálẹ̀ ilé ìwòsàn, wọ́n sì kọ ní 2001 pé àwọn kan nínú wọn ti fi ọwọ́ ara wọn tún iṣẹ́ náà gé bí aṣọ: wọ́n ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, wọ́n ń ran ẹbí aláìsàn lọ́wọ́, wọ́n sì ka ara wọn mọ́ àwọn tó ń woni sàn. Fún ẹnjiníà, èyí lè jẹ́ kí ó kúrò nídìí àlámù òru bọ́ sí kíkọ́ni ní pólì, kíkọ ìwé ìlànà, yíyẹ iṣẹ́ ẹlòmíràn wò, tàbí gbígba àwọn ilé-iṣẹ́ nímọ̀ràn. Ìmọ̀ ogún ọdún kò ní ṣòfò. Ṣùgbọ́n ẹni tí rírí kọ̀ǹpútà nìkan ti tó láti bà nínú jẹ́, títún aṣọ gé kò ràn án. Aṣọ náà gan-an ni kò fẹ́ wọ̀ mọ́.

Àwọn tó ní kí ó fò

Èyí ni ìdáhùn tí ariwo rẹ̀ pọ̀ jù láwùjọ: fi sílẹ̀, ayé kò gùn. Ẹ̀rí tó lágbára jù tí wọ́n ní wá láti ọwọ́ Steven Levitt, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní Chicago. Ó ní kí àwọn tí ọkàn wọn ń ṣe méjì lórí ohun ńlá kan ju kọ́bọ̀ sókè lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó lé ní 20,000 ìgbà tí wọ́n jù ú. Nínú àbájáde tó jáde ní 2021, àwọn tí kọ́bọ̀ ní kí wọ́n yí ìgbésí ayé wọn padà ṣe bẹ́ẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, inú wọn sì dùn jù lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ ńlá bíi fífi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ẹni tó ti ń ṣiyèméjì tipẹ́ sábà máa ń pẹ́ jù níbi tó wà.

Kò rọrùn láti fọwọ́ rọ́ ìyẹn sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ju kọ́bọ̀ fi ara wọn sílẹ̀ fún un, wọ́n ti wà létí bèbè kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ Levitt. Oṣù mẹ́fà náà kúrú. Wendy Boswell, John Boudreau àti Jan Tichy tẹ̀lé àwọn ọ̀gá iṣẹ́ tó pààrọ̀ iṣẹ́, wọ́n sì rí i ní 2005 pé ìtẹ́lọ́rùn máa ń fò sókè nígbà tí èèyàn bá dé ibi tuntun, lẹ́yìn náà á wálẹ̀, bí ìdùnnú ìyàwó ṣíṣe tí ń rọlẹ̀ nígbà tí ìnáwó bá parí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ orí òkè náà ni Levitt wọ̀n.

Ọjọ́ orí tún dá sí i. Elliott Jaques ló sọ ọ̀rọ̀ ìpayà ọ̀sán ayé (midlife crisis) di mímọ̀ ní 1965. Ní 2008, David Blanchflower àti Andrew Oswald gbé ìṣirò jáde láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tó fi hàn pé ìdùnnú èèyàn máa ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí di ìgbà tó bá lé ní 40, kí ó tó tún gòkè. Àwọn kan kò gba ìṣirò náà, Blanchflower pàápàá sì ti kọ lẹ́nu àìpẹ́ yìí pé àwòrán náà ń yí padà torí pé àwọn ọ̀dọ́ òde òní kò láyọ̀ bíi tàtẹ̀yìnwá. Bó bá jóòótọ́ díẹ̀ ṣá, apá kan nínú ohun tí ẹni ọdún 45 ń dá iṣẹ́ lẹ́bi fún lè jẹ́ ti ọjọ́ orí, tí yóò kọjá bó fi iṣẹ́ sílẹ̀ tàbí kò fi í sílẹ̀.

Ohun mìíràn wà tí mi ò rí kí wọ́n máa sọ tó. Fún ọ̀pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, jápa ni fífò náà. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣí ilẹ̀kùn físà fún àwọn olùtọ́jú arúgbó àti aláìsàn ní February 2022, àwọn tó ti jókòó sí ọ́fíìsì báńkì fún ọdún gbọọrọ wà lára àwọn tó bá a lọ. Láti March 2024, wọn kò lè mú ẹbí dání mọ́. Ní July 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà fún ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà láti òkè òkun. Ẹni tó sá fún agara ẹ̀rọ lọ sídìí títọ́jú èèyàn ti lọ sí irú ibi tí Freudenberger ti kọ́kọ́ rí agara gan-an. Ìyẹn kò sọ pé ó ṣìnà. Ẹni tí àlámù òru ti sú, tí ojú èèyàn ń tù nínú, lè rí ìwòsàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí okun ti tán nínú rẹ̀ lápapọ̀ kò ní rí i.

Àwọn tó ní kí ó máa tọ́ ọ wò

Herminia Ibarra fọ̀rọ̀ wá ènìyàn 39 tó yí iṣẹ́ padà lẹ́nu wò, ó sì kọ ìwé rẹ̀ ní 2003. Ohun tó rí yàtọ̀ sí ìmọ̀ràn tí gbogbo èèyàn ń gbani, pé kí èèyàn jókòó, kí ó ronú mọ ẹni tí òun jẹ́, kó tó gbéra. Ó ní ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Wọ́n tọ́ nǹkan wò díẹ̀díẹ̀ ni, wọ́n wọ àárín àwọn èèyàn tuntun, iṣẹ́ tuntun náà sì dàgbà sára wọn kí wọ́n tó mọ̀. Joseph Raffiee àti Jie Feng fi ìṣirò tì í lẹ́yìn ní 2014: ní Amẹ́ríkà, ewu kí òwò kógbá sílé fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta dín lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ òwò nígbà tí wọ́n ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, sí ti àwọn tó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Nínú gbogbo ìdáhùn, èyí ni ẹ̀rí rẹ̀ wù mí jù. Àwọn ará ilé wa náà mọ̀ ọ́n: olùkọ́ tó ń dáko, akọ̀wé ìjọba tó ń ránṣọ lálẹ́, wọ́n pọ̀ kí a tó bí Ibarra. Ọ̀nà kan kò kúkú wọ ọjà. Ṣùgbọ́n ibi tó ti ń yọ̀ mí lẹ́nu rèé: ìtọ́wò ń fẹ́ ìrọ̀lẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀, ó ń fẹ́ okun àti ìfẹ́ láti mọ̀, ohun tí agara sì kọ́kọ́ ń jẹ tán nìyẹn. Sísọ fún ẹni tó ń jí ní agogo 2 òru pé kí ó máa fi Sátidé kọ́ṣẹ́ àpótí ṣíṣe dà bí ìgbà tí a ní kí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ sáré lọ sódò lókè òkè. Ẹ̀wẹ̀, ẹni tó rọra ṣe lè jẹ́ olóye látilẹ̀, tí ìbá yege bó tilẹ̀ fò; ìṣirò Raffiee àti Feng kò pa iyàn yẹn pátápátá. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan tún wà tí àdéhùn wọn kò gba iṣẹ́ kejì láyè.

Ọ̀rọ̀ orí àti ìpè

Ìdáhùn kan wà tí àwọn ìwé òkèèrè kì í kà. Nínú ìgbàgbọ́ àwọn baba wa, wọ́n máa ń dífá àkọsẹ̀jayé fún ọmọ tuntun láti mọ ipa ọ̀nà tí orí rẹ̀ yàn. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò mú nǹkan dúró, wọ́n á bi í bóyá iṣẹ́ orí rẹ̀ ló ń ṣe. Àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ń sọ nípa ìpè, àwọn Mùsùlùmí ń kírun istikhara kí wọ́n tó pinnu. Agbára èrò yìí ni pé ó fún ẹni ọdún 47 láàyè láti yà kúrò lọ́nà láì ka ogún ọdún sí òfò, ìyẹn sì ṣòro láti rí nínú ìwé àwọn onímọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé kò ṣe é wọ̀n, ó sì lè mú kí a máa wá ọ̀tá nínú ilé nígbà tó jẹ́ wákàtí 70 lọ́sẹ̀ ló ń pa èèyàn.

Owó, ọjọ́ orí, àti ẹni tí yóò pè lọ́gàá

Òfin Owó Ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí òṣìṣẹ́ dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀, kí agbanisíṣẹ́ dá 10. Ẹni tó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí ó tó pé 50, tí kò sì rí òmíràn láàárín oṣù mẹ́rin, lè gba tó ìdá 25 nínú ohun tó wà nílẹ̀. Fún ọ̀pọ̀, ìyẹn ni owó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun, pẹ̀lú ohun tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bá yá wọn. Owó náà kò sì dúró sójú kan: kí wọ́n tó dá náírà sílẹ̀ ní June 2023, dọ́là kan kò tó 480 náírà lọ́jà ìjọba, nígbà tí February 2024 yóò fi parí, ó ti kọjá 1,500.

Ní Singapore, ìjọba fún ọmọ ìlú tó ti pé 40 ní 4,000 dọ́là tiwọn ní 2024 láti fi kọ́ iṣẹ́ mìíràn. Ètò 3MTT tí ìjọba Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní 2023 náà ń kọ́ni, ṣùgbọ́n àwọn tó ń wọlé sídìí iṣẹ́ ẹ̀rọ ló wà fún, kì í ṣe àwọn tó ń jáde.

Ọ̀rọ̀ tún wà tí owó kò lè yanjú. Nínú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ tàbí ti alumóníọ̀mù, ọ̀gá lè jẹ́ ọmọ ọdún 27, ẹni tó wá kọ́ṣẹ́ sì jẹ́ 47. Ọ̀gá kò lè sọ pé "gbá ilẹ̀", ó ń yí i po: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa wo ilẹ̀ yìí." Ẹ̀gbọ́n náà kò lè pè é lórúkọ lásán níwájú oníbàárà. Àwọn méjèèjì ń wá ọ̀rọ̀ tí kò ní bu ẹnikẹ́ni kù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìyípadà iṣẹ́ ti ń tú ká láìjẹ́ pé owó tán.

Èyí tí kò tíì yanjú

A kò tíì fẹnu kò bóyá agara iṣẹ́ àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn jẹ́ méjì tàbí ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ìdáhùn ìyẹn ló yẹ kó ṣáájú gbogbo ìmọ̀ràn. A kò tíì mọ iye oṣù tí ẹni tí agara dá gbọ́dọ̀ sinmi kí ìpinnu rẹ̀ tó jẹ́ tirẹ̀, tí kì í ṣe ti àárẹ̀.

Ìwádìí tí mo kà sílẹ̀ níbí fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò ní Amẹ́ríkà, Yúróòpù àti Israel, níbi tí ẹni tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ti lè rí owó aláìníṣẹ́ gbà, tí owó ilé ìwé ọmọ àbúrò kò sì sí lọ́rùn rẹ̀. Bóyá ẹnjiníà Ìkẹjà tó fò yóò láyọ̀ bí àwọn tó ju kọ́bọ̀ fún Levitt, kò sí ohun tó fi í hàn nínú wọn.

Ẹ̀rọ ayárabíàṣá tó ń kọ kóòdù fúnra rẹ̀ ti wọlé báyìí. Ó lè mú iṣẹ́ òru kúrò lọ́wọ́ ẹnjiníà, ó sì lè gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó pinnu. Ẹni tó fi sílẹ̀ lónìí tó fẹ́ padà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ṣé ohun tó fi sílẹ̀ ni yóò bá?

Oṣù mẹ́fà ni Levitt fi tẹ̀lé àwọn tirẹ̀. Ẹni ọdún 45 tó yí iṣẹ́ padà ní ọdún 15 sí 20 tí yóò fi ṣe tuntun náà, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye ọdún tí agara fi dá a nídìí ti àkọ́kọ́.